Onílẹ̀, Onílé, Ayálégbé: Pleasure ní Alímọ̀ṣọ́ àti Ìtàn Àdúgbò Ẹ̀yìn Odi Èkó

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí Pleasure, àdúgbò kan ní etí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ṣe di ibùgbé, àti irú àwọn ènìyàn tí wọ́n para pọ̀ sọ ọ́ di àdúgbò. Ó fi hàn pé ètò ìjọba nìkan kọ́ ló dá irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àjọṣe, àti ìjà nígbà mìíràn, láàárín àwọn mẹ́ta ni ó dá a sílẹ̀: onílẹ̀, onílé àti ayálégbé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, kò sì sí èyí tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé. Àpilẹ̀kọ náà parí sórí ìbéèrè kan tí òfin Nàìjíríà kò tíì dáhùn dé ojú àmì: ọmọ ibo ni ọmọ tí a bí sí Pleasure?

1. Ìfáárà

Ìbéèrè méjì ni Yorùbá fi ń mọ àlejò. Èkínní ni, ‘Níbo ni ẹ ti wá?’ Èkejì ni, ‘Níbo ni ẹ ń gbé?’ Ní ìlú àtijọ́, ìdáhùn kan náà lè tó fún méjèèjì. Ẹni tí ó ti agbo ilé kan wá ni ó ń gbé inú rẹ̀. Bí ó bá sì wà ní oko fún oṣù mélòó kan, ilé kò kúrò ní ilé. Àwọn onímọ̀ bí William Bascom, Afọlábí Òjó àti Akin Mábògùnjẹ́ ti ṣàlàyé ìgbékalẹ̀ ìlú bẹ́ẹ̀: ààfin ní àárín, ọjà ọba níwájú rẹ̀, agbo ilé yíká, odi lẹ́yìn agbo ilé, oko àti aba lẹ́yìn odi.

Pleasure kò bá àpèjúwe yìí mu. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ni kò jẹ́ sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti wá. Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá, ilẹ̀ Ìgbò tàbí Òkè Ọya ni wọn yóò dárúkọ. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, ibẹ̀ ni wọ́n bímọ sí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti darúgbó. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń wò ni ọ̀nà tí irú ibi bẹ́ẹ̀ gbà wáyé, àti ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ èrò wa nípa ìlú àti ọmọ ìlú.

2. Ilẹ̀ náà kí ó tó di àdúgbò

Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Àwórì so wọ́n mọ́ Ìṣẹ̀rì ní etí odò Ògùn, kí wọ́n tó fọ́n ká lọ sí ìhà òkun. Ìkòtún, Ìgàndò àti Ìpájà wà lára àwọn ìlú wọn ní agbègbè yìí, wọ́n sì ní ọba títí di òní. Láàárín irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ni igbó, oko àti abúlé kéékèèké wà. Àwọn Ẹ̀gbá náà dá oko ní ìhà àríwá agbègbè yìí. Orúkọ Abúlé Ẹ̀gbá, tí kò jìnnà sí Pleasure, ṣì ń jẹ́rìí sí i.

Ọ̀nà reluwé ni ó kọ́kọ́ yí ìhà yìí padà. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Agége kọjá. Láàárín àkókò kan náà ni àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Sàró tàbí ọmọ ìjọ Áfíríkà, dá oko kòkó àti obì sí Agége. Jacob Kẹ́hìndé Coker ni ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn. Oko rẹ̀ wà ní Ifákọ̀, òun sì ni aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907. Àwọn lébìrà wá láti ilẹ̀ Yorùbá òkè láti bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n mú irúgbìn kòkó àti ìmọ̀ rẹ̀ dání, èyí sì wà lára ohun tí ó tan kòkó ká ilẹ̀ Yorùbá.

Ìtàn oko kòkó yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ó fi hàn pé àṣà ‘wá, ṣiṣẹ́, kí o padà sílé’ ti wà ní ìhà yìí fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún kí ìgboro tó bo oko mọ́lẹ̀. Lébìrà oko kòkó àti ayálégbé òde òní jọ ara wọn ní ti pé àwọn méjèèjì wá wá owó síbi tí kì í ṣe ti bàbá wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé èyí tí ó dé kẹ́yìn kò padà.

3. Ọ̀nà, iléeṣẹ́ àti ilé ìjọba

Láti 1954 tí wọ́n ti ya Èkó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olú ìlú ìjọba àpapọ̀, abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkẹjà, Agége àti àwọn abúlé Alímọ̀ṣọ́ wà. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣàkóso wọn. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá àgbègbè iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, lẹ́yìn ààlà Èkó gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ sì nílò ibi tí wọn yóò máa sùn. Ní 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí ìlú Èkó àti agbègbè Ìkẹjà sì bọ́ sábẹ́ ìṣàkóso kan ṣoṣo.

Èkó fúnra rẹ̀ ti kún. Ètò ìkànìyàn 1952 ka ènìyàn 267,407 ní ìlú náà. Ti 1963 ka 665,246. Àjọ tí ó ń tún Èkó ṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn eku, ti bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1955, ó sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì mú kí èrò pọ̀ sí i, ojú ọ̀nà Ìkẹjà sí Abẹ́òkúta ni apá kan wọn sì gbà lọ.

Ìjọba gbìyànjú láti kọ́lé fún wọn. Ní 1972, ìjọba àpapọ̀ kéde ètò ilé 59,000, tí 15,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Èkó. Ní 1973 ni wọ́n dá àjọ tí ń rí sí ilé kíkọ́ fún ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. Mẹ́ta nínú èso irú ètò bẹ́ẹ̀ wà ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé a lè fi wọ́n ka ìtàn ìṣèlú Nàìjíríà: Gowon Estate tí ń jẹ́ orúkọ olórí ìjọba ológun tí wọ́n yọ ní 1975, Shagari Estate tí ń jẹ́ orúkọ ààrẹ ìjọba alágbádá kejì, àti ilé olówó pọ́ọ́kú ti Abẹ́sàn ní Ìpájà, tí ó jẹ́ ara ètò ilé kíkọ́ Gómìnà Lateef Jákáńdè (1979–1983).

Àwọn ilé ìjọba wọ̀nyí ní àwòrán tí a fà kí a tó kọ́ wọn. Títì wọn tọ́, ilé wọn jọra, àyè ilé ìwé àti pápá wà nínú ètò wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò tó nǹkan lójú àwọn tí ń wá ilé. Àárín wọn, etí wọn àti ẹ̀yìn wọn ni àwọn yòókù ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí tí wọ́n sì kọ́lé fúnra wọn. Pleasure wà lára irú ibi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wá ohun tí ó jọ àdúgbò ẹ̀yìn odi ti Amẹ́ríkà, bí irú Levittown tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1947, inú ilé ìjọba ni a ti lè rí ìjọra díẹ̀. Ní Pleasure, ìwà ẹ̀yìn odi wà ní ti pé iṣẹ́ wà níbòmíràn, oorun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ kan tí ó kọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sí báńkì tí ó yá àwọn ènìyàn lówó ọgbọ̀n ọdún.

4. Orúkọ tí ibùdó ọkọ̀ sọ

Yorùbá ní, ‘Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.’ Kí ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ àwọn ibùdókọ̀ ojú ọ̀nà yìí lórúkọ? Bí ọkọ̀ bá ti Ìkẹjà ń bọ̀, orúkọ tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pè fi ìpele ìtàn hàn. Ìpele kan ni ti abúlé àti àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, bí Abúlé Ẹ̀gbá. Òmíràn ni ti ìkóríta: Ìyànà-Ìpájà kì í ṣe Ìpájà, ibi tí ọ̀nà ti yà lọ sí Ìpájà ni. Òmíràn ni ti ohun tí ojú rí: Mángòrò, Ilé-Epo. Òmíràn ni ti ènìyàn ńlá: Ilé Zik ń rántí Nnamdi Azikiwe, Kollington ní ìhà Alágbàdo sì ń rántí Kollington Àyìnlá, olórin fújì. Ìpele mìíràn ni ti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán, bí Super àti Pleasure.

Orúkọ ìlú Yorùbá sábà máa ń ní ìtàn ìtẹ̀dó àti oríkì lẹ́yìn. Orúkọ ibùdókọ̀ kò nílò èyí. Ohun tí ó nílò ni kí ó ṣeé pè sókè láti ẹnu ọ̀nà dánfó, kí ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ sì gbọ́ ọ. Bí ó ti ń ti ẹnu dé ẹnu, ó ń di Yorùbá. Èdè Yorùbá kì í gba kọ́ńsónáǹtì méjì láti tẹ̀ léra nínú sílébù kan, kò sì ní ìró tí ó wà láàárín Pleasure. Nítorí náà, fáwẹ̀lì a wọ àárín p àti l, ṣ tàbí j a sì gba ipò ìró àjèjì náà. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí fàájì ti di orúkọ ibi tí a ń gbé, kò sì sí ẹni tí ó ń ronú nípa fàájì mọ́ nígbà tí ó bá ń sọ̀ níbẹ̀ ní alẹ́ lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

5. Onílẹ̀ àti onílé

Fáwẹ̀lì kan àti ohùn kan ni ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ sí ilé. Bákan náà ni ó ya onílẹ̀ sọ́tọ̀ sí onílé, tí ó sì ya baálẹ̀ sọ́tọ̀ sí baálé. Ní agbo ilé àtijọ́, ìyàtọ̀ yìí kò fa ìjà, nítorí pé ẹbí kan náà ni ó ni méjèèjì. Ní àdúgbò tí a tà ní pulọ́ọ̀tì, ó di ọ̀ràn ńlá.

Ìlànà ìbílẹ̀ ni pé ẹbí ni ó ni ilẹ̀, olórí ẹbí sì jẹ́ alábòójútó. Ilé ẹjọ́ ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1921 nínú ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, lórí ilẹ̀ Àpápá. Peter Lloyd náà ṣe àlàyé kíkún lórí ìlànà yìí nínú ìwé rẹ̀ ti 1962 lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìgboro dé ẹnu oko, àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí gé ilẹ̀ tà. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ní Èkó ni ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, tàbí ìdajì rẹ̀.

Ní 29 oṣù Kẹta 1978, ìjọba Ọbásanjọ́ gbé òfin ìlò ilẹ̀ jáde, tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Lójú ìwé, ẹbí kò ní ilẹ̀ tí ó lè tà mọ́ láìgba àṣẹ. Lójú ayé, títà kò dúró. Ohun tí ó yí padà ni ìwé: ọ̀pọ̀ rìsíìtì ẹbí ni ó gbé ọjọ́ tí ó ṣáájú 1978 wọ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé òfin kò bá wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ pé àwọn ènìyàn ní ilé bíríkì tí ó dúró ṣinṣin lórí ìwé tí kò dúró.

Òfo tí ó wà láàárín òfin ìjọba àti àṣà ẹbí ni àwọn ọmọ onílẹ̀ gbà wọlé. Lẹ́yìn tí olùrà ti sanwó ilẹ̀ tán, wọn yóò gba owó ìpìlẹ̀, owó ìgbà tí ilé dé ojú fèrèsé, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé. Nígbà mìíràn ẹbí méjì a máa ta ilẹ̀ kan náà fún ènìyàn méjì. Ní oṣù Kẹjọ 2016 ni Gómìnà Akínwùmí Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dúkìá, tí ó sọ fífi ipá gba ilẹ̀ àti irú owó bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ìhà kejì pẹ̀lú. Ọmọ tí a bí sínú ẹbí tí ó ta gbogbo oko rẹ̀ kò rí oko ro mọ́, owó tí bàbá rẹ̀ gbà sì ti tán. Orúkọ ‘ọmọ onílẹ̀’ nìkan ni ogún tí ó kù fún un. Èyí kò dá ìwà ipá láre, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé ìdí tí ó fi ṣòro láti fi òfin nìkan mú un kúrò.

Onílé ní tirẹ̀ kò fi owó báńkì kọ́lé. Èsúsú, àjọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì ni. Ilé a máa gba ọdún márùn-ún, mẹ́wàá, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí yàrá méjì bá ti ní òrùlé, onílé a kó wọlé, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ owó ilé, a sì máa kọ́ ìyókù díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ojú títì kan lè ní ilé oníyàrá tí ó kọjú síra, ilé alájà mẹ́ta tuntun, àti ilé tí irin rẹ̀ ṣì ń nà sókè tí ó ń retí àjà kejì.

6. Ayálégbé

Ọ̀pọ̀ ilé ni onílé kọ́ kí ó lè fi yàrá díẹ̀ háyà. Ayálégbé ni owó oṣù rẹ̀ ń parí ilé onílé, òun sì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ kéré jù. Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kà á léèwọ̀ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti àgbègbè àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan Alímọ̀ṣọ́. Síbẹ̀, gbígba owó ọdún méjì kò kásẹ̀ nílẹ̀ ní Èkó, nítorí pé ẹni tí ń wá yàrá kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́.

Àwọn mẹ́ta yìí ni àdúgbò. Onílẹ̀ ní ìtàn, ṣùgbọ́n ó ti ta ilẹ̀. Onílé ní ilé, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ lè mì. Ayálégbé ní àkókò tí ó sanwó fún, àti ìbò rẹ̀ bí ó bá forúkọ sílẹ̀.

7. Ẹgbẹ́ onílé gẹ́gẹ́ bí ìjọba

Bí kò bá sí ààfin, ta ni ń ṣe ìlú? Ní irú àdúgbò yìí, ẹgbẹ́ onílé ni. Àwọn ni wọ́n ń dá owó ẹ̀rọ amúnáwá ńlá tí ó bá jó, àwọn ni wọ́n ń gba ọdẹ àdúgbò, àwọn ni wọ́n ń pinnu ago tí wọn yóò ti géètì títì pa lálẹ́, àwọn ni wọ́n sì ń da yẹ̀pẹ̀ sí kòtò nígbà òjò. Alága wọn kì í ṣe baálẹ̀, nítorí kò ní ilẹ̀. Kì í sì í ṣe baálé nìkan, nítorí àṣẹ rẹ̀ kọjá ilé rẹ̀. Ó jẹ́ irú olórí tí èdè kò tíì fún ní orúkọ tirẹ̀. Ayálégbé ń san lára owó wọ̀nyí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ohùn nínú ìpàdé, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹgbẹ́ ti sọ.

Ọ̀ràn omi fi hàn ìdí tí ẹgbẹ́ yìí fi pọn dandan. Iléeṣẹ́ omi Ìjú ti wà láti 1910. Ti Adíyàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991 pẹ̀lú agbára láti pèsè gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70 lóòjọ́, wà nítòsí Àgbàdo. Alímọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, síbẹ̀ kànga àti omi tí wọ́n gbẹ́ fúnra wọn ni ọ̀pọ̀ ilé gbára lé. Ní ti epo, ọ̀pá epo ìjọba gba abẹ́ ilẹ̀ agbègbè yìí kọjá. Ní 26 oṣù Kejìlá 2006, iná ṣẹ́ yọ lára ọ̀pá tí àwọn kan ti lu ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2020, iná ọ̀pá epo tún ṣẹlẹ̀ ní ìhà kan náà.

Ohun tí ìjọba ń mú wá fún ìhà yìí, ojú ọ̀nà ni ó sábà ń jẹ́: afárá Abúlé Ẹ̀gbá ní 2017, ọ̀nà ọkọ̀ BRT láti Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá ní 2020, àti reluwé tuntun láti Àgbàdo sí Oyíngbò, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní 2024. Gbogbo wọn ló ń ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti jáde ní àárọ̀ kí wọ́n sì padà ní alẹ́. Èyí ni pé ìjọba náà ń wo ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń lọ síbi iṣẹ́, kì í ṣe ibi tí ìlú wà.

8. Ọmọ ibo?

Ètò ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́; ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà á, ó ní ìkà tòun jẹ́ 2,047,026. Èyíkéyìí tí a bá mú, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí ó ní ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ní 2003, ìpínlẹ̀ náà dá ìjọba ìdàgbàsókè 37 kún ogún tí ó wà, Alímọ̀ṣọ́ sì di mẹ́fà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2004 pé àwọn tuntun náà kò tíì pé láìsí àtúnṣe ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Nítorí náà, nínú ìwé òfin, ọ̀kan ṣoṣo ni Alímọ̀ṣọ́.

Kíkà àwọn ènìyàn yàtọ̀ sí gbígbà pé ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n. Òfin orílẹ̀-èdè 1999 sọ nínú abala 318 pé ẹni tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwùjọ tí ó jẹ́ ti ìbílẹ̀ níbẹ̀. Abala 147 fi irú ọmọ bíbí bẹ́ẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n yíyan mínísítà. Ọmọ tí a bí ní Pleasure ní 1990 fún òbí tí wọ́n ti Èkìtì wá, tí ó lọ ilé ìwé níbẹ̀, tí ó sì fẹ́yàwó níbẹ̀, yóò lọ sí Èkìtì gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ọ̀nà oko bàbá bàbá rẹ̀. Yorùbá ní, ‘Ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba.’ Òwe náà ń rán wa létí pé kò sí ẹni tí kò ní orírun. Ṣùgbọ́n ó tún ń jẹ́ kí a béèrè pé: bí ọ̀nà bá jìn dé ìran kẹta, ṣé ilé kò lè wà ní ibi tí a dé?

9. Ìkádìí

Bí a bá fi ojú ìlú àtijọ́ wo Pleasure, a óò rí àìpé: kò ní ààfin, kò ní odi, kò ní oríkì. Bí a bá fi ojú àdúgbò ẹ̀yìn odi ti òkè òkun wò ó, a óò tún rí àìpé: kò ní àwòrán tí a fà ṣáájú, kò ní omi ẹ̀rọ. Àpilẹ̀kọ yìí dábàá pé kí a wò ó gẹ́gẹ́ bí ìlú tí ó ní ìlànà tirẹ̀, níbi tí ibùdókọ̀ jẹ́ oríta, tí ẹgbẹ́ onílé jẹ́ ìgbìmọ̀, tí ìwé ilẹ̀ sì dípò ìtàn ìtẹ̀dó. Kò ṣòro fún èdè Yorùbá láti gba irú ibẹ̀ wọlé. Ó ti sọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ di tirẹ̀. Òfin ni ó kù. Títí di ìgbà tí ó bá dé, àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ yóò máa fi ìdáhùn méjì fún ìbéèrè méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibi kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀.